Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ rọ nígbà ìbí: ohun tí òbí lè ṣe kí apá rẹ̀ lè yí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹni tí ó bá wo bí ọwọ́ méjì ṣe ń wẹ ara wọn dáadáa yóò rí i pé kì í ṣe ìka nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Apá, láti ìgúnpá dé ọrùn-ọwọ́, ni ó ń yí síhìn-ín, tí ó ń yí sọ́hùn-ún, tí àtẹ́lẹwọ́ fi ń kọjú sókè, tí ó tún ń dojú délẹ̀. Ìyípo yìí ni a fi ń bu omi bọ́jú, òun ni a fi ń bu òkèlè, òun ni a fi ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn, òun náà ni a sì fi ń tẹ́wọ́ gba ohun tí àgbà bá fún wa. Ẹni tí ó bá ní in kì í sábà rántí pé òun ní in. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ìyípo yìí ṣòro fún láti kékeré, nítorí pé iṣan tí ó wà ní ọrùn wọn fara pa ní ọjọ́ tí wọ́n wáyé gan-an. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, àti ohun tí òbí, físíò àti dókítà lè ṣe kí apá wọn lè yí, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Kí ni ó ṣe ọmọ náà?

Iṣan márùn-ún ni ó ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde ní ọrùn, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n sì gba abẹ́ egungun tí ó dábùú òkè àyà wọ inú apá. Àwọn iṣan yìí kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, wọn kì í sì í ṣe iṣan ẹran tí a fi ń gbé nǹkan. Iṣẹ́ tiwọn ni láti gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún iṣan ẹran, kí wọ́n sì gbé ìròyìn bí nǹkan ṣe rí lára padà fún ọpọlọ. Iṣan ajíṣẹ́ ni a ó máa pè wọ́n nínú àpilẹ̀kọ yìí, kí a lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára iṣan ẹran. Brachial plexus ni àwọn dókítà ń pe àkójọpọ̀ wọn. C5, C6, C7, C8 àti T1 ni wọ́n ń pe gbòǹgbò wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bí orí ọmọ bá ti jáde nígbà ìrọbí, tí èjìká rẹ̀ sì há sẹ́yìn egungun iwájú ìbàdí ìyá, ọrùn ọmọ náà lè nà ju bí ó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ni iṣan ajíṣẹ́ ti máa ń fara gbá a. Ó lè jẹ́ pé ó nà lásán, irú èyí sì máa ń san fúnra rẹ̀. Ó lè já. Èyí tí ó burú jù ni kí gbòǹgbò rẹ̀ fà tu kúrò lára ọ̀pá ẹ̀yìn, nítorí pé irú èyí kò lè so padà fúnra rẹ̀.

Ọmọ tí ó tóbi púpọ̀ nínú oyún wà nínú ewu yìí ju ọmọ mìíràn lọ. Bákan náà ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ tí wọ́n fi irin agbẹ̀bí fà jáde, àti ọmọ tí ó fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ wáyé, irú èyí tí Yorùbá ń sọ ní Ìgè bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni ó kọ́ yọ. Síbẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ díẹ̀ tí a fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi agbẹ̀bí wà níbẹ̀. Kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú èpè, pẹ̀lú àjẹ́, tàbí pẹ̀lú ohun tí ìyá jẹ nínú oyún. Ìṣirò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi hàn pé ó ń ṣe nǹkan bí ọmọ 1 sí 2 nínú ọmọ 1,000 tí a bá bí.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Guillaume Duchenne, dókítà ará Faransé, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1872. Wilhelm Erb, ará Jámánì, ṣàlàyé ní 1874 pé iṣan ajíṣẹ́ tí ó wà lókè, ìyẹn C5 àti C6, ni ó máa ń fara pa jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi máa ń rí Erb's palsy nínú káàdì ọmọ wọn ní ilé ìwòsàn. Ní 1885, obìnrin oníṣègùn kan, Augusta Klumpke, tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Paris, ṣàlàyé irú èyí tí ó kan ìsàlẹ̀, C8 àti T1, tí ó ń mú kí ọwọ́ fúnra rẹ̀ rọ.

Ọba Jámánì tí ó ń fi ọwọ́ òsì pamọ́

Ẹni tí àwọn òpìtàn mọ̀ jù lára àwọn tí ó bá àìsàn yìí dàgbà ni Wilhelm Kejì, tí ó jọba Jámánì láti 1888 títí di 1918. Ìlú Berlin ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1859. Ìdí ni ó fi wáyé, ìrọbí náà sì nira púpọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa láti ọjọ́ náà. Wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ara kí ó lè fi tipátipá lo òsì, wọ́n fi iná mànàmáná sí i, wọ́n tilẹ̀ fi ẹran ehoro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wé apá náà, wọ́n rò pé agbára ẹranko yóò wọ inú rẹ̀. Kò san. Nígbà tí ó dàgbà, apá òsì náà fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 kúrú ju ọ̀tún lọ. Ẹni tí ó bá wo àwòrán rẹ̀ yóò rí i pé ó sábà máa ń gbé ọwọ́ òsì lé èèkù idà, tàbí kí ó fi ìbọ̀wọ́ sínú rẹ̀, kí ojú má baà tó o.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé owó àti ọlá nìkan kò lè wo apá yìí sàn bí ìmọ̀ kò bá sí. Èkejì ni pé fífi ipá mú ọmọ kì í ṣe ìtọ́jú. Ìmọ̀ ti pọ̀ sí i gan-an láti ìgbà náà.

Bí apá ṣe ń yí, àti ìdí tí kò fi yí mọ́

Egungun méjì ni ó wà láti ìgúnpá dé ọrùn-ọwọ́. Ọ̀kan wà ní ìhà àtàǹpàkò, èkejì wà ní ìhà ọmọńdinrín. Bí a bá na ọwọ́ síwájú tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, egungun méjèèjì tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí a bá da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, egungun ìhà àtàǹpàkò ni ó ń yí gba orí èkejì kọjá. Kí a gbé àtàǹpàkò sókè ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Láti ibẹ̀, apá tí ó dá ṣáṣá lè yí tó nǹkan bí dígírì 80 sókè àti nǹkan bí 80 sílẹ̀. Ìwádìí kan tí Morrey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ní 1981 fi hàn pé dígírì 50 lókè àti 50 nílẹ̀ tó fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó fi òbí lọ́kàn balẹ̀. Kò dìgbà tí apá ọmọ bá yí bí ti ọmọ aládùúgbò kí ó tó lè wúlò fún un.

Iṣan ẹran méjì ni ó ń mú kí a tẹ́wọ́. Èyí tí ó lágbára jù ni iṣan ẹran iwájú apá òkè, èyí tí àwọn géńdé máa ń fi ṣe fọ́rífọ́rí bí wọ́n bá ká ìgúnpá kò. Èkejì kéré, ó wà nítòsí ìgúnpá. C5 àti C6 ni ó ń jíṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Àwọn tí ó ń da ọwọ́ délẹ̀ náà jẹ́ méjì. Ọ̀kan ń gba àṣẹ láti C6 àti C7, èkejì tí ó wà nítòsí ọrùn-ọwọ́ ń gba tirẹ̀ láti C8 àti T1.

Bí C5 àti C6 bá fara pa, àwọn tí ó ń tẹ́wọ́ yóò rọ, àwọn tí ó ń da ọwọ́ délẹ̀ yóò sì máa fà láìsí ẹni tí yóò dá wọn dúró. Apá ọmọ náà yóò rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èjìká yóò yí sínú, ìgúnpá yóò nà, àtẹ́lẹwọ́ yóò kọjú sẹ́yìn, ọrùn-ọwọ́ yóò sì tẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ dọ́gbọ́n gba owó láti ẹ̀yìn. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù.

Irú kejì kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo iṣan ajíṣẹ́ bá fara pa, tí ti òkè sì san ju ti ìsàlẹ̀ lọ, iṣan ẹran iwájú apá yóò gba agbára padà, kò sì ní sí èyí tí yóò fa ọwọ́ padà sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ yóò wá kọjú sókè títí, bí ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣagbe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba nǹkan ṣùgbọ́n kò lè kọ̀wé, kò lè tẹ kọ̀ǹpútà, kò sì lè di ìwé mú lórí tábìlì kí ọwọ́ kejì lè kọ ọ́.

Ohun tí ó yẹ kí òbí mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í dúró sójú kan. Iṣan ẹran tí ó ń fà lójoojúmọ́ láìsí ohun tí ó ń dá a padà yóò kúrú. Awọ tí ó so egungun méjèèjì pọ̀ yóò le. Egungun ọmọ tí ó ń dàgbà yóò sì tẹ̀lé ibi tí wọ́n ń fà á sí, títí tí orí egungun ìhà àtàǹpàkò lè fi yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ nínú ìgúnpá. Ohun tí ọwọ́ ìyá lè ṣe ní oṣù kejì lè di ohun tí ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ nìkan lè ṣe ní ọdún kẹjọ.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ara wọn ń yá láìsí iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, òun náà sì ni ó ń tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Wọn a sọ fún ìyá pé kí ó máa wò ó, pé yóò san. Ìyá a máa wò ó títí ọmọ a fi pé ọdún kan. Ó yẹ kí a máa retí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kí ojú dókítà wà lára ọmọ ní gbogbo àkókò náà.

Iṣan ajíṣẹ́ tí ó fara pa máa ń hù padà ní nǹkan bí mìlímítà kan lójúmọ́. Láti ọrùn dé apá kì í ṣe ìrìn ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, oṣù oṣù ni a fi ń ka ìlọsíwájú rẹ̀. Àmì tí àwọn dókítà ń wò jù ni bóyá ọmọ lè ká ìgúnpá rẹ̀ kò fúnra rẹ̀ bí ó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta. Alain Gilbert, oníṣẹ́ abẹ kan ní Paris, wà lára àwọn tí ó mú kí ìwọ̀n oṣù mẹ́ta yìí gbilẹ̀. Bí ìgúnpá bá ti ń kò kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìrètí pọ̀ fún apá náà. Bí kò bá kò, kí òbí bá oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀ kíákíá. Àwọn kan ń dúró títí di oṣù kẹfà tàbí kẹsàn-án kí wọ́n tó pinnu, nítorí pé ohùn àwọn dókítà kò ṣọ̀kan lórí ọjọ́ tí ó yẹ gan-an.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí a fi wọ́n ṣeré rárá. Bí gbogbo apá dé ìka bá rọ, tí ìpéǹpéjú ìhà ibẹ̀ sì wálẹ̀, tí ẹyinjú ibẹ̀ sì kéré ju ti èkejì lọ, ó lè jẹ́ pé gbòǹgbò ni ó tu. Bí ó bá sì jẹ́ pé apá náà ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tí ó wá dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí ọmọ ń ké bí a bá fọwọ́ kàn án, tí ara rẹ̀ sì gbóná, èyí kì í ṣe àìsàn tí a ń sọ yìí. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò àìsàn ti wọ oríkèé tàbí egungun rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Àwòrán X-ray náà ṣe pàtàkì ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé egungun òkè àyà tàbí ti apá lè ṣẹ́ nígbà ìbí kan náà.

Bí a ṣe ń yí apá náà nílé

Ilé ìwòsàn púpọ̀ máa ń jẹ́ kí apá náà sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ìbí, kí ìrora lè lọ, kí egungun tí ó bá ṣẹ́ sì lè jinná. Lẹ́yìn náà ni físíò, ìyẹn oníṣègùn tí ń fi ìfọwọ́rà àti eré ìmárale tọ́jú ara, yóò kọ́ ìyá, bàbá àti ìyá àgbà bí wọn yóò ṣe máa yí apá náà. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé físíò ti fi hàn án lójúkojú. Àwọn kókó tí wọ́n sábà máa ń kọ́ òbí nìwọ̀nyí.

Kí apá òkè ọmọ fara ti ìhà rẹ̀, kí ìgúnpá rẹ̀ sì kò bí igun ìwé. Bí ìgúnpá bá nà, èjìká ni yóò máa yí dípò apá, òbí yóò sì rò pé iṣẹ́ ti ṣe. Láfikún sí i, bí ìgúnpá bá kò ni iṣan ẹran iwájú apá lágbára jù láti tẹ́wọ́.

Kí a di ìsàlẹ̀ apá mú, lókè ọrùn-ọwọ́ díẹ̀, kí ìka wa yí egungun méjèèjì ká. Kí a má ṣe di ọwọ́ ọmọ tàbí ìka rẹ̀ mú lọ́ ọ, nítorí pé oríkèé ọrùn-ọwọ́ ni yóò gbọgbẹ́.

Kí a yí apá náà díẹ̀díẹ̀ títí tí àtẹ́lẹwọ́ yóò fi kọjú sí ojú ọmọ, kí a dúró níbi tí ó bá ti ń dá wa dúró, kí a mú un bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí a sì dá a padà. Bí ó bá jẹ́ pé irú kejì ni, tí àtẹ́lẹwọ́ ń kọjú sókè, ìsàlẹ̀ ni a ó máa yí i sí. Físíò ni yóò sọ iye ìgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa ní kí òbí ṣe é ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìlédìí, kí ó má baà di ohun tí a ń gbàgbé.

Kí ọmọ má ké tìrora. Ohun tí a ń wá ni fífà díẹ̀, kì í ṣe ìrora. Bí a bá gbọ́ tí nǹkan dún nínú ìgúnpá, tàbí tí apá tí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀ kọ̀ láti yí mọ́ lójijì, kí a dáwọ́ dúró kí a sì padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ìwẹ̀ ọmọ, pípọ̀n àti aṣọ wíwọ̀

Nílẹ̀ Yorùbá, ìyá àgbà ni ó sábà máa ń wẹ ọmọ tuntun. Wọn a fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òrí ra á lára, wọn a na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a di í lápá gbé sókè, wọn a sì jù ú sókè díẹ̀ kí ó má baà máa bẹ̀rù. Ìfẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí iṣan ajíṣẹ́ rẹ̀ ti nà, fífà lápá àti gbígbé lápá lè ba ohun tí ó ń san jẹ́. Bí a bá fẹ́ gbé e, kí ọwọ́ kan wà lábẹ́ orí àti ọrùn rẹ̀, kí èkejì wà lábẹ́ ìdí. Òrí tí a fi ra apá jẹ́jẹ́ kò burú. Omi gbígbóná ni kí a ṣọ́ra fún, nítorí pé ọmọ náà lè má mọ̀ ọ́n lára, ó sì lè bó láìké.

Ìyàwó ilé tí kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òun ń kọ́ ìyá ọkọ ní iṣẹ́ lè mú ìyá náà lọ sọ́dọ̀ físíò. "Màmá, dókítà ní kí ẹ wá wo bí a ó ṣe máa mú apá rẹ̀" dára ju kí a máa gba ọmọ lọ́wọ́ wọn nínú balùwẹ̀. Ìyá àgbà tí ó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́ tí ó dára jù, nítorí pé òun ni ó wà pẹ̀lú ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́.

Bí a bá ń pọn ọmọ, kí apá náà má ṣe rọ̀ jáde kúrò nínú ọ̀já, kí ó má sì ká sẹ́yìn ọmọ. Kí ìgúnpá kò, kí ọwọ́ wà níwájú àyà rẹ̀. Bí a bá ń wọ aṣọ fún un, apá tí ó rọ ni kí ó kọ́kọ́ wọ aṣọ, òun náà ni kí ó jáde kẹ́yìn.

Eré àti iṣẹ́ ilé

Ọwọ́ òbí lè mú kí apá má le, ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó lè mú kí iṣan ẹran lágbára. Eré ni oògùn rẹ̀. Ọmọ tí ó ti lè jókòó lè máa tẹ́wọ́ gba bọ́ọ̀lù kékeré tàbí búrẹ́dì. Ẹ lè da ìrẹsì díẹ̀ sí i lọ́wọ́ kí ó máa wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa rọ omi láti inú ife kan sí èkejì, kí ó máa ṣí ìdérí ìgò, kí ó máa fi ṣíbí bu gààrí. Ayò náà dára púpọ̀. Ẹni tí ó ń kó ọmọ ayò ń da ọwọ́ délẹ̀ láti kó o, ó sì ń tẹ́wọ́ láti kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkèlè. A ń da ọwọ́ délẹ̀ láti bu àmàlà, a sì ń yí apá kí ó tó dé ẹnu. Ìpàtẹ́wọ́ nínú eré ọmọdé náà wà lára rẹ̀.

Kí òbí máa ṣọ́ ẹ̀tàn. Ọmọ tí apá rẹ̀ kò yí yóò gbé ìgúnpá kúrò lára ìhà, tàbí kí ó tẹ gbogbo ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó lè dà bí ẹni pé ó tẹ́wọ́. Ọ̀nà kan láti mọ òtítọ́ ni kí ọmọ di pẹ́ńsù mú nínú ìkúùkù, kí ìgúnpá rẹ̀ kò, kí ó fara ti ìhà. Bí ó bá yí apá, pẹ́ńsù ni yóò fi hàn bí ó ṣe yí tó. Kí ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì fi han físíò.

Àwọn físíò kan tún máa ń di ọwọ́ tí ó dá fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, kí ọmọ lè fi èyí tí ó rọ ṣeré. Èyí yàtọ̀ sí ti ọba Jámánì, nítorí pé ó ní ìwọ̀n, eré ni wọ́n fi ń ṣe é, ojú físíò sì wà níbẹ̀.

Ìdè, P.O.P. àti abẹ́rẹ́

Bí apá bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìdè wà tí ó máa ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ aṣọ rírọ̀ tí ó ń fà, tí a ń wé láti ọwọ́ yípo apá dé òkè ìgúnpá, tí ó ń yí apá sí ìhà tí a fẹ́ nígbà tí ọmọ ń ṣeré. Òmíràn jẹ́ ike líle tí ọmọ máa ń wọ̀ sùn lóru. Bí ìwọ̀nyí kò bá tó, dókítà lè fi P.O.P. dì í, kí ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì máa fi díẹ̀ kún ìyípo náà nígbà kọ̀ọ̀kan. Kí òbí máa wo àwọ̀ ìka. Bí ìka bá wú, bí ó bá tutù tàbí tí ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n tú ìdè náà, kí wọ́n sì tètè padà sílé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ P.O.P., kí wọ́n má ṣe fún ọ̀la.

Abẹ́rẹ́ botulinum ni àwọn dókítà kan ń gún sínú iṣan ẹran tí ó ń fà jù, kí agbára rẹ̀ lè dínkù fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní àkókò náà, iṣan ẹran tí ó rọ yóò ní àyè láti ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ náà kì í wo iṣan ajíṣẹ́ sàn. Bí físíò kò bá tẹ̀lé e, owó tí a fi rà á ti wọgbó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́ abẹ

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ abẹ pín sí. Àkọ́kọ́ ni ti iṣan ajíṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń ṣe kí ọmọ tó pé ọdún kan. Wọ́n lè gba iṣan ajíṣẹ́ kékeré láti ẹsẹ̀ láti fi di àlàfo èyí tí ó já. Wọ́n sì lè ya ẹ̀ka kan lára iṣan ajíṣẹ́ tí ó ṣì dá, kí wọ́n so ó mọ́ ti iṣan ẹran iwájú apá. Christophe Oberlin, ará Faransé, ni ó gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1994. Bí ó bá jẹ́, ìgúnpá yóò kò, agbára láti tẹ́wọ́ yóò sì tẹ̀lé e.

Èkejì ni ti ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀, tí iṣan ajíṣẹ́ rẹ̀ ti san dé ibi tí yóò san dé, ṣùgbọ́n tí apá kò yí. Bí ọwọ́ bá dojú délẹ̀, wọ́n lè tú iṣan ẹran tí ó ń da ọwọ́ délẹ̀ kúrò níbi tí ó so mọ́, kí wọ́n gbé e gba ìhà kejì egungun, kí ìfà rẹ̀ lè di ti títẹ́wọ́. Bí ọwọ́ bá dojú sókè, iṣan ẹran iwájú apá ni wọ́n máa ń darí gba ọ̀nà mìíràn yí egungun ká, kí ó máa da ọwọ́ délẹ̀. Zancolli, oníṣẹ́ abẹ ará Ajẹntínà, ni ó mú kí iṣẹ́ yìí di mímọ̀ ní 1967.

Ohun kan ni ó so àwọn iṣẹ́ abẹ méjèèjì yìí pọ̀. Wọn kì í wúlò àyàfi bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ṣì lè yí apá náà. Iṣan ẹran tí a darí kò lè yí egungun tí ó ti gan. Bí apá bá ti le pátápátá, ohun tí ó kù ni kí wọ́n gé egungun, kí wọ́n yí i sí ibi tí yóò ti wúlò jù, kí wọ́n sì fi irin dè é. Ọwọ́ yóò wà ní ipò tí ó dára jù ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba ìyípo tuntun. Ìdí rèé tí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ìyá ń lò nídìí ìlédìí lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Òun ni ó ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn yìí wà ní ṣíṣí fún ọmọ náà títí di ọjọ́ iwájú.

Kí dókítà tún yẹ èjìká wò kí ó tó fọwọ́ kan apá. Èjìká tí ó yí sínú tí kò yí jáde lè jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé apá ni kò yí.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì

Àṣà wa ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ kò ní ọ̀nà mìíràn. Bí olùkọ́ bá nà án nítorí pé ó fi òsì kọ̀wé, tàbí tí ìbátan bá kọ̀ láti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú ni yóò kọ́. Ọmọ tí ojú ń tì yóò fi ọwọ́ náà pamọ́ sínú àpò, ọwọ́ tí a bá sì fi pamọ́ kì í lágbára. Kí òbí lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó wọ ilé ìwé. Kí wọ́n sọ fún ẹbí pé kì í ṣe àrífín. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ máa fi ọ̀tún kún òsì láti gba nǹkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tún náà kò ṣí tán. Ọ̀wọ̀ ni, eré ìmárale sì ni pẹ̀lú.

Ibi tí a lè mú ọmọ lọ

Kí òbí kọ́kọ́ padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí ọmọ, kí wọ́n gba ìwé tí yóò gbé wọn lọ síwájú. Ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, ẹ̀ka físíò àti ti egungun wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, àti ní ilé ìwòsàn egungun ti Igbóbì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ iṣan ajíṣẹ́ fún ọmọ ọwọ́. Kí òbí béèrè ní kùtùkùtù, kí oṣù mẹ́ta má baà kọjá lórí ìwé àti ìdúró. Kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ìbí dání, ìwọ̀n tí ọmọ wọ̀n, ọ̀nà tí ó gbà wáyé, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i kí ìka, ọrùn-ọwọ́ tàbí ìgúnpá rẹ̀ mira.

Fún aboyún, ìdènà wà tí ó ṣeé ṣe. Kí ó lọ sí ìtọ́jú oyún déédéé, kí wọ́n yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò. Bí ó bá ti bí ọmọ tí èjìká rẹ̀ há rí, kí ó sọ ọ́ fún agbẹ̀bí láìfi pamọ́. Kí ó má sì bímọ níbi tí kò ti sí ẹni tí ó mọ ohun tí a ń ṣe bí èjìká bá há, nítorí pé ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n ní.

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ rọ nígbà ìbí lè lọ sí ilé ìwé, ó lè kọ́ṣẹ́, ó sì lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Èyí tí ó kù lọ́wọ́ wa ni kí a tètè gbé e lọ, kí a máa yí apá rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù lójoojúmọ́, kí a sì jẹ́ kí ó lo ọwọ́ náà níṣojú gbogbo ènìyàn láìtijú.